Bí A Ṣe Ń Yọ Májẹ̀mú Ẹlẹ́yàmẹ̀yà Kúrò Nínú Ìwé Ilé ní Amẹ́ríkà

Ìwé ilẹ̀ kan wà tí wọ́n kọ ní Minneapolis ní 1910. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà, wọn kò gbọdọ̀ fi í dógò, wọn kò sì gbọdọ̀ gbé e háyà fún ará Ṣáínà, ará Japan, Moor, ará Tọ́kì, aláwọ̀ dúdú, ará Mòǹgólíà tàbí ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà lára. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní májẹ̀mú ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ìwé tó ní in nínú sì pọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, láti Seattle títí dé Virginia. Tí ẹ bá ra ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1968, ó ṣeé ṣe kí tiyín wà nínú wọn. Ẹni tó ti Ìjẹ̀bú-Òde wọ bàálù dé Houston lọ́jọ́ kan ṣá, tó wá ra ilé àtijọ́ tí igi ńlá wà lójúde rẹ̀, wà lára àwọn tí ìwé yẹn ń bá wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì bí bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ báyìí fún onílé láti yọ gbólóhùn náà kúrò, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ mọ̀ pé májẹ̀mú náà ti kú

Kò sí aládùúgbò, kò sí báńkì, kò sí adájọ́ tó lè fi gbólóhùn yẹn lé yín jáde. Ní 1917, nínú ẹjọ́ Buchanan àti Warley tó wá láti Louisville, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìlú kankan kò gbọdọ̀ ṣòfin pé àdúgbò kan jẹ́ ti aláwọ̀ funfun, òmíràn jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú. Ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ohun tí ìjọba ìlú kò lè fi ṣòfin, wọ́n ń kọ ọ́ sínú àdéhùn ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, wọ́n sì kọ ọ́ lọ́nà tí yóò fi máa tẹ̀ lé ilẹ̀ náà, ẹni yòówù kó rà á lẹ́yìn ọ̀la. Àjọ FHA tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1934 láti máa dúró fún owó tí báńkì bá yá onílé náà tún gbè wọ́n lẹ́yìn. Ìwé ìlànà àjọ náà yin irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀ pé ó ń dáàbò bo àdúgbò.

Ìdílé Shelley ló já okùn náà. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, wọ́n ti Mississippi wá sí St. Louis, wọ́n sì ra ilé kan ní òpópónà Labadie ní 1945. Wọn ò mọ̀ pé ní 1911, 30 nínú àwọn onílẹ̀ 39 tó wà níbẹ̀ ti tọwọ́ bọ̀wé pé fún 50 ọdún, aláwọ̀ dúdú tàbí ẹ̀yà Mòǹgólíà kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Àwọn aládùúgbò pè wọ́n lẹ́jọ́. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1948, mẹ́ta nínú adájọ́ mẹ́sàn-án yẹ̀ kúrò lórí àga, wọn ò sì sọ ìdí. (Kò sí ẹni tí ẹ lè dá lẹ́kun pé kó má rò pé ìwé ilé tiwọn náà ní gbólóhùn yẹn nínú.) Àwọn mẹ́fà tó kù fẹnu kò pé ilé ẹjọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni fi ipá mú irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí wọ́n má kọ ọ́ mọ́ o. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ ní ọ̀pọ̀ ibi títí Fair Housing Act, òfin tó ka ẹlẹ́yàmẹ̀yà léèwọ̀ nínú títa àti gbígbé ilé háyà, fi dé ní oṣù kẹrin 1968, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King.

Torí náà, yíyọ tí ẹ fẹ́ yọ ọ́ kò ní fi kún ẹ̀tọ́ yín lórí ilé náà, kò ní fọwọ́ kan mọ́géèjì yín, kò sì ní dín owó orí ilé kù. Ẹ lè ta ilé náà lọ́la láìyọ ọ́. Ìdí tí àwọn èèyàn fi ń yọ ọ́ ni pé ìwé yẹn ni wọ́n máa ń kó lé oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ilé, kò sì sí ẹni tó ń dunnú láti ka èébú nípa ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó di onílé. Lójú tèmi, ó tó ìdí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹ ó tìtorí ẹ̀ san owó gọbọi fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá a rí

Ìwé tí title company, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ àkọsílẹ̀ ilé wò fún ẹni tó ń rà á, fún yín nígbà tí ẹ ń ra ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹ wá apá tí wọ́n pè ní Schedule B. Ibẹ̀ ni wọ́n ń to gbogbo ohun tó so mọ́ ilẹ̀ náà sí, bíi ọ̀nà tí wáyà iná gbà kọjá lẹ́yìnkùlé àti àwọn àdéhùn àtijọ́. Tí ẹ bá rí ìlà tó ní Covenants, Conditions and Restrictions, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé àti ọdún, ẹ dúró níbẹ̀. Ìlà náà sábà máa ń ní ìrù: wọ́n á ní àwọn yọ ohunkóhun tó bá dá lórí ẹ̀yà, àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn sílẹ̀ nínú ohun tí àwọn tò. Wọ́n máa ń fi ìrù yìí kún un yálà gbólóhùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nínú ìwé náà ni o tàbí kò sí, nítorí náà kò jẹ́rìí ohunkóhun. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ lọ ka ìwé náà gan-an.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí ní káúńtì yín ló ní in. Orúkọ ọ́fíìsì náà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. County Recorder ni wọ́n ń pè é ní California àti Minnesota, County Auditor ni ní ọ̀pọ̀ káúńtì Washington, County Clerk ni ní Texas. Ní Virginia àti Maryland, ọ̀dọ̀ akọ̀wé Circuit Court ni ìwé ilẹ̀ ń gbé, àwọn ará Maryland sì lè wo tiwọn lórí ìkànnì MDLANDREC lẹ́yìn tí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń sọnù rèé: wọ́n á ka ìwé tí wọ́n fi ta ilé fún wọn, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á sì lọ sinmi. Ìwé tuntun kì í tún gbólóhùn náà kọ. Ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ kò ju pé wọ́n ta ilé náà pẹ̀lú gbogbo àdéhùn tó ti wà lákọsílẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ tọ ọ́ sẹ́yìn: ta ló tà á fún yín, ta ló tà á fún ẹni yẹn, títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ pín oko náà sí pílọ́ọ̀tì. Ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ yẹn ni gbólóhùn náà sábà máa ń wà, bóyá nínú ìwé tó fi ta pílọ́ọ̀tì kan, tàbí nínú ìwé ìkéde kan ṣoṣo tó kó gbogbo ẹ́sítéètì pọ̀, tàbí lára àwòrán ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Torí ẹ̀ ló ṣe dára kí ẹ fi orúkọ ẹ́sítéètì, nọ́ńbà block (ìdì pílọ́ọ̀tì) àti nọ́ńbà lot (pílọ́ọ̀tì yín gan-an) wá a, kì í ṣe àdírẹ́sì nìkan. Nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé yẹn, ó ṣeé ṣe kí òpópónà yín má tíì ní orúkọ.

Àwọn ibì kan ti bá yín ṣe iṣẹ́ yìí. Láti 2016 ni Mapping Prejudice ní Yunifásítì Minnesota ti ń kó àwọn aráàlú jọ láti ka ìwé ilẹ̀ àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ti ya gbogbo ohun tí wọ́n rí sórí máàpù. Ní Washington, òfin 2021 gbé iṣẹ́ náà fún University of Washington àti Eastern Washington University, káúńtì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ní California, láti oṣù keje 2022, dandan ni kí recorder káúńtì kọ̀ọ̀kan ní ètò tí yóò fi máa wá gbólóhùn wọ̀nyí fúnra rẹ̀. Ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti dé àdúgbò yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gba ẹ̀dà, ẹ tọ́jú rẹ̀

Ẹ má fo èyí. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní yíyọ kò ju pé kí wọ́n gbé ìwé tuntun lé ti àtijọ́ lórí, kí ẹni tó bá ń yẹ ìwé ilé náà wò lè rí i pé gbólóhùn yẹn kò sí mọ́. Ní ibòmíràn, wọ́n á fi dúdú bo ọ̀rọ̀ náà lórí ẹ̀dà tí gbogbo èèyàn ń rí, wọ́n á sì kó èyí tí wọn ò bò pa mọ́ síbi tí kò rọrùn láti dé. Tí ẹ kò bá ní ẹ̀dà tiyín, ọmọ yín lè wí lọ́jọ́ kan pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé sílẹ̀ pẹ̀lú, tàbí nọ́ńbà ìwé ńlá àti ojú ewé. Àwọn ará Maryland ń pe ìyẹn ní liber àti folio. Láìsí nọ́ńbà yìí, fọ́ọ̀mù yín kò ní lọ síbì kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kà á dáadáa

Ẹ máa rí ìwé tí wọ́n fi tàìpù tẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ti ń ṣú. Òfin kan á ní kí ilé má sún mọ́ títì ju báyìí lọ. Òmíràn á ní owó tí wọ́n fi kọ́ ilé kò gbọdọ̀ dín ní iye báyìí. Òmíràn á ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin ẹlẹ́dẹ̀ tàbí adìẹ. Láàárín wọn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ṣì ń sọ, lẹ ó ti bá a: ẹni tí kì í bá ṣe ẹ̀yà Caucasian (aláwọ̀ funfun) kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń lò. Tí ẹ bá rí Ethiopian, ẹ má rò pé àwọn ará Addis Ababa nìkan ni wọ́n ń sọ, gbogbo èèyàn dúdú ló wà nínú rẹ̀. Hebrew ni àwọn Júù. Malay àti Asiatic kó àwọn ará Éṣíà pọ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ń ku gbólóhùn kan tó fún ọmọ ọ̀dọ̀ láyè, pé aláwọ̀ dúdú lè máa gbé ibẹ̀ tó bá jẹ́ pé ó ń sin onílé. Èèyàn dúdú lè dáná níbẹ̀, ó lè fọ aṣọ níbẹ̀, ó lè pọn ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀. Kó máà ṣá ti ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ni.

Ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí orílẹ̀-èdè nìkan. Òfin tó gba yíyọ yìí láyè kò ní kí ẹ yọ òfin ọgbà, ti gáréèjì tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ yọ èyí tó ń dí i lọ́wọ́ láti mọ fẹ́ǹsì gíga, wọ́n á dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ọ̀nà tí ìpínlẹ̀ yín ń gbà

California: fọ́ọ̀mù náà ń jẹ́ Restrictive Covenant Modification. Ẹ ó so odindi ẹ̀dà ìwé àtijọ́ mọ́ ọn, pẹ̀lú ìlà tí ẹ fà gba orí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó kúrò. Recorder á fún agbẹjọ́rò káúńtì kó wò ó bóyá gbólóhùn náà lòdì sófin lóòótọ́, kí wọ́n tó fi sínú àkọsílẹ̀. Wọn kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀.

Minnesota: òfin 2019 ló fún onílé láyè láti fi ìwé ìtúsílẹ̀ sí àkọsílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá Torrens ni ilẹ̀ yín tàbí Abstract, torí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú àkọsílẹ̀ méjèèjì yàtọ̀. Ẹ lè béèrè ní káúńtì. Ètò kan tó ń jẹ́ Just Deeds, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Golden Valley, ń fún onílé ní agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ìlú yín bá wà nínú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, wọ́n á bá yín wá ìwé náà, wọ́n á sì bá yín kọ fọ́ọ̀mù.

Washington: ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó rọrùn ni kí ẹ fi ìwé àtúnṣe sí ọ̀dọ̀ Auditor láìsan owó ìforúkọsílẹ̀, òfin 2018 ló mú un wá. Ti àtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Bí èyí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, òfin 2021 gbà yín láyè láti lọ sí Superior Court kí adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò nínú àkọsílẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń rí, kí wọ́n sì tọ́jú ojúlówó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtàn. Ọ̀nà kejì yìí gba àsìkò, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì nílò rẹ̀.

Virginia: láti 2020, ìwé tó ń jẹ́ Certificate of Release of Certain Prohibited Covenants lẹ ó kọ, ẹ ó sì mú un lọ bá akọ̀wé Circuit Court. Maryland náà ní ìwé àtúnṣe tirẹ̀, ibi tí ìwé ilẹ̀ wà ni wọ́n ń gbé e lọ.

Texas yàtọ̀, ẹ̀yin ará Houston àti Dallas ẹ fetí sí i. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù tí èèyàn kàn ń jù sílẹ̀ ní County Clerk. Òfin 2021 ní kí onílé gbé ẹ̀bẹ̀ lọ sí district court, pẹ̀lú ìbúra. Adájọ́ á ka ìwé ilẹ̀ náà, tó bá sì rí i pé òótọ́ ni, á pàṣẹ. Àṣẹ yẹn ni wọ́n á wá fi sínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀. Bí ẹ kò bá ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ lè fi han lọ́yà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó fi sílẹ̀.

Ìpínlẹ̀ tí n kò dárúkọ, ẹ pe ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ káúńtì, ẹ ní fọ́ọ̀mù restrictive covenant modification tàbí discharge lẹ ń wá. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ á mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: orúkọ àti nótárì

Orúkọ ló sábà máa ń dá fọ́ọ̀mù wa padà. Bí orúkọ bá ṣe wà nínú ìwé tí wọ́n fi ta ilé fún yín gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Tó bá jẹ́ Oluwaseun A. ló wà níbẹ̀, ẹ má kọ Seun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Seun ló wà lórí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ yín. Nótárì á fẹ́ rí káàdì ìdánimọ̀, torí náà bí méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ bi wọ́n ṣáájú bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ kọ ọ́, èyí tí wọ́n mọ̀ yín sí tẹ́lẹ̀ àti èyí tí ẹ ń jẹ́ báyìí. Bí tọkọtaya ló jọ ni ilé, kí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí i. Ìyàwó tó yí orúkọ padà lẹ́yìn tí wọ́n ra ilé, kí ó mú ìwé ìgbéyàwó dání.

Lẹ́yìn orúkọ ni àpèjúwe ilẹ̀. Àdírẹ́sì ilé kò tó. Ẹ da odindi àpèjúwe tó wà nínú ìwé ilé yín kọ, ìlà sí ìlà, pẹ̀lú lot àti block, ẹ má gé e kúrú.

Ẹ má sì fọwọ́ sí i nílé. Iwájú nótárì ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ báńkì ní nótárì tó ń ṣe é fún oníbàárà wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì gba ti yín padà

Ẹ lè mú un lọ fúnra yín, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àpò ìwé tí àdírẹ́sì yín àti sítáǹbù wà lára rẹ̀. Nígbà tó bá padà wá, ẹ wò ó bóyá òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà tuntun wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sórí ìkànnì káúńtì, ẹ wá orúkọ yín, kí ẹ rí i pé ìwé tuntun náà ti jáde lábẹ́ ilé yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ilé, nọ́ńbà yẹn lẹ ó fún title company.

Lẹ́tà tó bá dé láìjẹ́ pé ẹ béèrè

Láìpẹ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá ra ilé, tàbí tó bá fi ìwé kan sí àkọsílẹ̀, lẹ́tà máa ń wọlé. Wọ́n á fi àmì tó jọ ti ìjọba sí i lórí, wọ́n á ní kí ẹ san ọgọ́rùn-ún dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n lè fún yín ní ẹ̀dà ìwé ilé yín. Ìwé tí káúńtì ń ta ẹ̀dà rẹ̀ ní dọ́là díẹ̀ ni. Ẹ fà á ya. Bákan náà, ẹni tó bá ní òun á gba owó ńlá lọ́wọ́ yín kí òun tó yọ gbólóhùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ẹ kọ́kọ́ wo fọ́ọ̀mù ìpínlẹ̀ yín. Ojú ewé mélòó kan péré ni.

Owó tó wà nínú rẹ̀ fún ẹlòmíràn

Ní 2023, Washington ṣe òfin kan tó lọ kọjá ọ̀rọ̀ ìwé. Wọ́n fi 100 dọ́là kún owó tí wọ́n ń gbà lórí ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ tó bá wọ inú àkọsílẹ̀, owó yẹn ni wọ́n fi ń ran àwọn tó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́wọ́, àwọn tí irú májẹ̀mú yìí pa lára. Ẹni tí òun tàbí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ tàbí òbí òbí àgbà rẹ̀ bá ti gbé ìpínlẹ̀ náà ṣáájú oṣù kẹrin 1968 ló wà fún, owó tó ń wọlé fún un kò sì gbọdọ̀ ju iye kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó dé láìpẹ́ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, tàbí ẹni tí bàbá rẹ̀ wá kàwé ní Seattle nígbà ayé Balewa, kí ó béèrè.

Tó bá jẹ́ pé HOA ló ni ìwé náà

HOA ni ẹgbẹ́ àwọn onílé inú ẹ́sítéètì kan. Bí gbólóhùn náà bá wà nínú ìwé àdéhùn HOA, ẹ má dá a ṣe. Ẹ kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀, ẹ so ojú ewé náà mọ́ ọn. Ní Washington, ìgbìmọ̀ lè yọ ọ́ fúnra wọn bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá ti gbà, kò dìgbà tí gbogbo onílé bá dìbò.

Bí kò bá sí HOA, fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ kò tú ilé aládùúgbò yín sílẹ̀, tiyín nìkan ló tú. Tó bá jẹ́ ìwé ìkéde kan ló bo gbogbo ẹ́sítéètì, á jẹ́ pé gbogbo ilé tó wà lójú pópó yẹn ló ní gbólóhùn kan náà, ẹ sì ti wá èyí tó le jù rí fún wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé àti ojú ewé sórí bébà kékeré kan, ẹ fi orúkọ fọ́ọ̀mù sí i, ẹ kan ilẹ̀kùn wọn.